Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́ Ooru

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka wa fi kọ́kọ́rọ́ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ ooru." Gbogbo àlàyé tí ó ṣe fún mi nìyẹn. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo dúró lójú kan, mo ń wo kọ́kọ́rọ́. Lọ́kọ́ja ni mo ti wá. Òkè Patí a máa gba oòrùn sára láti àárọ̀, a sì máa dá a padà fún wa ní ìrọ̀lẹ́. Odò méjì ló pàdé lẹ́sẹ̀ ìlú, síbẹ̀ kò sí èyí tí ń tu ènìyàn lára nínú wọn tí ó bá di oṣù kẹta ọdún. Ènìyàn, ewúrẹ́, fáìlì ìjọba, gbogbo wa la jọ ń bá ooru gbé, kò sì sí ẹni tí ó bi wá bóyá a fẹ́ ẹ. Ní ìlú òyìnbó tí mo wá yìí, tí mo ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta sùn, wọ́n ní kí n wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé, kí n máa fi ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ atẹ́gùn sí kọ̀ǹpútà kan tí ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rin. Èmi ń gbọ̀n. Ara ẹ̀rọ yá gágá.

Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé sábẹ́ abíyá. Ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì náà ní ọ̀kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń pín lò. Ara rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀ ilé. Wáyà ló gba inú ògiri gun òkè lọ sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, níbi tí olúkúlùkù ti ní ojú ẹ̀rọ kan àti kíbọ́ọ̀dù kan. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ pa mọ́, orí téèpù ló ń lọ, téèpù roboto tí ó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Iṣẹ́ mi ni pé kí ohunkóhun má kú nínú rẹ̀.

Mo ti gboyè kejì kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́. Mo rò pé ìmọ̀ ni wọn yóò máa wá gbà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí mo fi mọ̀ pé ẹni tí ń so wáyà ni mí.

Tẹlifóònù yàrá mi yóò dún. "Ẹ̀rọ mi ti kú." N óò gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, n óò bá a pé olùkọ́ náà ti yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára ògiri kí ó lè ráyè fi iná ibẹ̀ se omi tíì rẹ̀. Mo kọ ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ wáyà yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n tún yọ ọ́, tíì dà sílẹ̀, wọ́n sì já ìwé mi lára ògiri fi nù ún. Olùkọ́ mìíràn da ọbẹ̀ sáàárín kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ní láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni kò ti dára. Nílé, a máa ń sọ pé iná ni ó ń ba ẹ̀rọ wa jẹ́. Mo dé orílẹ̀-èdè tí iná kì í lọ, mo rí i pé ọwọ́ ènìyàn tó iṣẹ́ náà ṣe.

Tí nǹkan bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tó rántí mi. Tí ó bá dẹnu kọlẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́. Ọjọ́ kan, àlejò ọ̀gá wa bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó nà án sí mi kí n bá òun fi kọ́. Mo gbà á, mo fi kọ́. Ó ti rẹ̀ mí jù láti máa ṣàlàyé ara mi fún ẹ̀wù.

Àwa Ọ̀kún, ìkíni ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. "Ọ̀kún o" la fi ń kí ara wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, lójú ọ̀nà oko, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni àwọn ará ibòmíràn wá fi ń pè wá. Tí o bá pàdé ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni o ó kí i. Olùkọ́ àgbà kan wà ní ẹ̀ka wa, Dókítà Whitlow, ọkùnrin gíga tí irun rẹ̀ ti funfun, tí bàtà rẹ̀ kì í kúrò nínú ẹrẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí i láàárọ̀, ó dáhùn. Mo tún pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní agogo mọ́kànlá, mo tún kí i. Ó dúró, ó wò mí bí ẹni tí ń ronú ibi tí ó fi nǹkan sí.

"A ti ṣe ìyẹn lónìí," ó ní, ó sì kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìkíni mi. Ẹnìkan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ó wà bákan lẹ́nu mi, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa fi ẹsẹ̀ kan rìn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe ilé. A kò ní tẹlifóònù nílé wa ní àdúgbò Adánkọ́lọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Dúpẹ́, ń ṣiṣẹ́ ní yàrá fáìlì ọ́fíìsì ìjọba kan ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á láyè kí ó máa gba ìpè mi lórí tẹlifóònù ọ́fíìsì kí wọ́n tó ṣíwọ́. Nínú ìpè mẹ́rin, bóyá méjì ni yóò wọlé. Nínú méjì náà, ọ̀kan yóò jẹ́ "hẹ́lò, hẹ́lò" títí okùn yóò fi já. Mo wá mọ ohùn gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bàbá kan ará Ebira máa ń fi Haúsá kí mi kí ó tó lọ pe Àǹtí, obìnrin Ígálà kan sì máa ń bi mí bóyá yìnyín ti bọ́.

Ní ọjọ́ kan, Àǹtí mú ìyá wa dání wá.

"Ọ̀kún o, ọmọ mi."

"Ọ̀kún o, Màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí, mi ò mọ èyí tí n óò sọ."

"Kọ̀ǹpútà ni mò ń tọ́jú, Màmá."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe é. Mò ń tọ́jú rẹ̀ kí nǹkan má baà ṣe é ni."

"Kò sí ohun tó ń ṣe é," ó ní, mo sì gbọ́ ọ tí ó ń sọ ọ́ fún Àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "ó sì jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ilé ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo jókòó sórí ibùsùn ni mo rí i pé mi ò ní ẹni tí n óò sọ ọ̀rọ̀ náà fún tí yóò bá mi rẹ́rìn-ín. Bí mo bá fi èdè wọn sọ ọ́, n óò kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyá mi, n óò ṣàlàyé ṣọ́ọ̀ṣì, n óò ṣàlàyé ohùn tí ó fi sọ ọ́, ẹ̀rín yóò sì ti kú. Bí ìdánìkanwà ṣe rí lára mi nìyẹn. Ènìyàn pọ̀ yí mi ká. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ sọ ló ní láti kọ́kọ́ gba ẹnubodè.

Ní ọdún kẹta mi ni wọ́n ṣe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà tí èmi ń tọ́jú. Wọn kò pè mí. Orí àtẹ̀gùn ni Dókítà Pell ti sọ fún mi. Òun ni olùkọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa lé lọ́wọ́. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"A ti ra kọ̀ǹpútà tuntun," ó ní. "Kéékèèké ni wọ́n. Olúkúlùkù yóò ní tirẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn yóò lọ."

"Ṣé wọ́n lè ka téèpù wa?"

"Téèpù wo?"

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ojú rẹ̀ kò ṣeré. Mo padà sí yàrá mi, mo kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́fà sí i. Mo ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀rọ tuntun náà kò níbi tí ènìyàn lè fi téèpù sí, pé gbogbo ohun tí ẹ̀ka ti pa mọ́ wà lórí téèpù wọ̀nyí, pé a ní láti kọ́kọ́ dà wọ́n kọ kí a tó gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo lọ tún nǹkan ṣe ní ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì, ife tíì rẹ̀ wà lórí lẹ́tà, àmì ìdí ife sì ti yí ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ po.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àdéhùn iṣẹ́ mi sọ pé olùtọ́jú ẹ̀rọ yẹn ni mí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá lọ, iṣẹ́ mi parí. Ìwé tí ó fún mi láyè láti máa gbé ìlú náà sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́ kí n gbẹ́ kòtò, èmi náà ni wọn yóò tì sí i.

Kọ̀ǹpútà tuntun dé. Ọ̀gá wa sọ fún mi pé ọkọ̀ ẹrù yóò wá gbé ti àtijọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ọjọ́ náà gan-an ni Dókítà Whitlow sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbé e lọ," ó ní. "Téèpù mi ńkọ́?"

Téèpù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ó ní nílẹ̀. Fún ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń lọ sí abúlé kan létí òkun lóṣooṣù, ó ń wọn bí omi ṣe ń jẹ ilẹ̀ lábẹ́ àwọn ilé ibẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ agbègbè náà fẹ́ jókòó láti pinnu bóyá kí wọ́n mọ ògiri sójú òkun, tàbí kí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kó kúrò. Whitlow ni wọ́n ń retí.

"Tí mi ò bá ní ìwọ̀n yìí lọ́wọ́," ó ní, "àròyé àwọn arúgbó lásán ni wọn yóò pè é."

Mo gbé téèpù kan sórí ẹ̀rọ. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fa létí. Kí n tó sáré pa á, ó ti ká mọ́ irin, nǹkan pupa bí ìpẹtà sì ti bó kúrò lára rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ẹ̀rọ fi ń kàwé. Ibi tí ó bó náà, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Whitlow ka àkọlé ara páálí rẹ̀. Ó jókòó.

"Oṣù mẹ́rin nìyẹn," ó ní.

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni pẹpẹ téèpù wà, omi sì máa ń kán níbẹ̀. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé pẹpẹ náà síbòmíràn. Wọ́n ní ibòmíràn ti kún fún òkúta. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò fèsì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rẹ̀ mí, mi ò kọ ọ́. Mo sọ gbogbo èyí fún Whitlow, títí kan ẹ̀ẹ̀kẹta tí mi ò kọ. Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn ń fi ìka pa ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò lára bàtà rẹ̀.

Mo fi tẹlifóònù bi àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún ẹ̀ka wa. Wọ́n ní kí n da téèpù tó bá ti ń ké nù. Mo bi Pell. Ó ní ṣé òun kò ti sọ pé nǹkan àtijọ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, ìpè wọlé. N kò jẹ́ kí Àǹtí Dúpẹ́ kí mi tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Mo sọ ti Pell, mo sọ ti ife tíì, mo sọ ti téèpù tí omi mú tí ó lẹ̀ mọ́ra. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ìwọ nìkan kọ́," ó ní. "Òjò ti ba yàrá fáìlì wa jẹ́ níbí. Páànù ṣí lórí wa, ìwé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì àti tẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀gá ní kí a dáná sun wọ́n."

"Ẹ wá sun wọ́n?"

"Kí n sun ìwé ìfẹ̀yìntì ènìyàn? Mo sá wọn ni. Ṣùgbọ́n mi ò sá a sójú oòrùn o. Èyí tí mo kọ́kọ́ sá sójú oòrùn ká, ó gan bí eegun. Abẹ́ páànù tó kù ni mo tò wọ́n sí, níbi tí ooru wà tí oòrùn kò dé. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n fún ọjọ́ méjì. Tí o bá fipá ṣí i, á ya. Tó bá ti gbẹ dénú, á tú sílẹ̀ fúnra ẹ̀."

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀. "Madam, abeg, oga wan use phone."

"Mo ti ń parí," Àǹtí dá a lóhùn. Ó wá sọ fún mi pé, "Ooru ni kí o wá, má wá oòrùn," okùn sì já.

Mo jáde kúrò nínú àpótí tẹlifóònù ẹ̀bá ọ̀nà tí mo ti ń pè. Òjò ń rọ̀, bí ó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń lé ooru kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀rọ yẹn. Mo dúró sínú òjò, mo ń ro ibi tí n óò ti rí ooru ní ìlú náà.

Nínú ilé ẹ̀ka wa náà ló wà. Ààrò iná mànàmáná kan wà ní yàrá kejì sí tèmi, òun ni wọ́n fi ń gbẹ òkúta tí wọ́n bá kó wá láti odò. Ọ̀gbẹ́ni Dodds ló ń ṣọ́ ọ, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀, tí ó ti wà níbẹ̀ kí Pell tó mọ ìwé kà. Mo lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

"Òkúta nìkan," ó ní.

"Ẹ fún mi láyè fún téèpù kan péré. Èyí tí mo fi ń dán ẹ̀rọ wò ni, kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, omi sì ti mú un bíi ti ìyókù. Bó bá bàjẹ́, a ó mọ̀."

Ó wo téèpù, ó wò mí. "Ooru wo ni o fẹ́?"

"Bí ọ̀sán Lọ́kọ́ja."

"Mi ò mọ Lọ́kọ́ja."

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí omi ìwẹ̀ tí ènìyàn tẹ ọwọ́ bọ̀ tí ó sì yára fà á yọ."

Ó ronú sí i, ó yí bọ́tìnnì ààrò náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìwọn ooru sínú rẹ̀. Ó kó òkúta ọ̀gá wa síta láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì mo gbé téèpù náà sórí ẹ̀rọ, Dodds dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ké.

"Ó kà á?" Dodds bèèrè.

"Ó kà á."

"Kó ìyókù wá."

Mo so wáyà kan láti ara ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ ara ọ̀kan nínú àwọn tuntun, mo kọ ètò tí yóò máa da ọ̀rọ̀ láti ara èyí sára ìyẹn. Ó ń lọ bí ìgbín. Dodds ń gbẹ téèpù, ó ń gbé wọn wá lórí àwo irin bí ẹni tí ń gbé búrẹ́dì. Whitlow ń jókòó tì mí, ó ń ka àkọlé, ó ń sàmì sí èyí tó ti kọjá. Ó sọ fún mi nípa obìnrin kan ní abúlé náà tí ó máa ń pè é lóṣooṣù láti sọ iye ẹsẹ̀ tó wà láàárín ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ àti etí ọ̀gbun. Nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà ń gbin ewébẹ̀ sáàárín méjèèjì.

"Níbi tí odò méjì ti pàdé, ní ìlú yín," ó bi mí, "ṣé omi máa ń jẹ ilẹ̀?"

"Ó máa ń jẹ ẹ́, sà. Ọdún tí odò bá kún, àwọn tó wà létí omi á kó lọ bá àwọn tó wà lókè. Tó bá fà, wọ́n á padà."

"Wọ́n máa ń padà?"

"Ibẹ̀ ni ẹja wà."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kejì ó kí mi nígbà tí ó dé, ó jáde lọ mu tíì, ó sì tún kí mi nígbà tí ó padà wọlé.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n dá pé, ọkọ̀ ẹrù dé láàárọ̀, téèpù mẹ́sàn-án sì ṣẹ́ kù. Mo gbọ́ tí Pell ń darí àwọn alágbàárù bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. N kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é.

"Ṣí i," Pell ní.

"Ó di ọjọ́ Ajé."

"Ọkọ̀ ti dé."

"Kí ó padà lọ."

Pell lọ pe ọ̀gá wa. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó bá mi níbẹ̀, ó bá Whitlow tí ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó bá Dodds tí ó gbé àwo irin rẹ̀ dání. Ó kọ́kọ́ wo Dodds, bí ẹni pé ti Dodds ló yà á lẹ́nu jù.

"Ṣé o mọ ohun tó wà nínú àdéhùn rẹ?" ó bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo ti kà á ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Tí ẹ̀rọ yìí bá jáde lónìí, mo jáde lónìí. Tó bá jáde lọ́jọ́ Ajé, mo jáde lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́ta tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí, kì í ṣe tèmi."

Ọ̀gá wo ilẹ̀kùn, ó yíjú sí àwọn alágbàárù, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Pell ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Dodds ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ báyìí," ó sì ní kí n gba àwo lọ́wọ́ òun nítorí ó gbóná.

A parí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ, ó ku ihò mẹ́rin nílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Whitlow mú mi dání lọ sí abúlé náà lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó. Ó fi ìwọ̀n ọdún mọ́kàndínlógún hàn wọ́n, ó sì jẹ́wọ́ pé oṣù mẹ́rin kò sí nínú rẹ̀. Obìnrin arúgbó kan dìde lẹ́yìn, èyí tí ó máa ń pe Whitlow lóṣooṣù. Ó mú kàlẹ́ńdà ògbólógbòó kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní gbogbo oṣù ni òun ń kọ iye ẹsẹ̀ òun sí, títí kan mẹ́rin yẹn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Whitlow kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè, ó ka oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè láti inú kàlẹ́ńdà náà, wọ́n sì wọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wọ̀ láàárín èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ gbà láti mọ ògiri náà. Lẹ́yìn ìjókòó, obìnrin náà bi mí ibi tí mo ti wá. Mo ní Lọ́kọ́ja. Ó ní, ṣé ó jìnnà sí òkun? Mo ní ó jìnnà gan-an. Ó ní mo ṣe oríire.

Ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa jáde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Pell fún bí ìyípadà sí kọ̀ǹpútà tuntun ṣe lọ wọ́ọ́rọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Whitlow náà kà á, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, n kò mọ ohun tó kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pè mí fún iṣẹ́ tuntun, olùrànlọ́wọ́ lábẹ́ Pell. Mo gbà á, nítorí mi ò ní òmíràn. Mo lo ọdún kan àti ààbọ̀ sí i níbẹ̀. Olúkúlùkù ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ báyìí. Tíì tí ń dà sára ẹ̀rọ kan tẹ́lẹ̀ wá ń dà sára méjìlá.

Kì í ṣe pé wọ́n lé mi. Ó kàn di ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àǹtí Dúpẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, Lọ́kọ́ja ni olú-ìlú, ọ́fíìsì ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, wọn kò sì rí ẹni tó mọ nǹkan. Mo wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rò ó pé ibi gbogbo ni wọn kì í tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni. Kúkú jẹ́ kí n lọ máa ráhùn ní èdè tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Mo padà dé ìlú tí n kò mọ̀ mọ́. Ilé kò ṣe é rí gbà ní Adánkọ́lọ́, àwọn akọ̀wé láti Kàbà, láti Ìdàh, láti Òkéné, ń sùn mẹ́rin-mẹ́rin nínú yàrá kan. Ní ọ̀nà Paparanda, wọ́n ń pè mí ní òyìnbó Dúpẹ́. Ooru bá mi jà fún oṣù kan gbáko bí ẹni tí ó bínú pé mo lọ. Mo ti rò pé ibi tí mo bá dé tí ara mi yóò balẹ̀ ni a ń pè ní ilé. Mo wá rí i pé ibi tí mo ti lè bínú láìbẹ̀bẹ̀ ni.

Ọ́fíìsì tó gbà mí pe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ rà. Ẹnìkan ló ta mí lólobó, mo sì lọ. Ènìyàn mẹ́jọ ló yí tábìlì ká, ìwé ìpolówó aláràbarà wà láàárín wọn, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó rẹwà jù. Kò sí àga fún mi. Alága ní kí n má ṣèyọnu, àwọn yóò ránṣẹ́ pè mí tí ẹ̀rọ bá dé.

Mo jáde, mo gbé àga kan láti yàrá kejì, mo gbé e sáàárín àwọn méjì tí kò fẹ́ sún, mo jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní. "Ta ni yóò máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́?"

Alága na bírò sí mi.

"Ìwọ ni. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

"Mo gbà," mo ní. "Tó bá jẹ́ èmi ni yóò máa tún un ṣe, èmi ni n óò yàn án."

Mo na ọwọ́, mo fa ìwé ìpolówó náà sọ́dọ̀ ara mi, mo sì ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́.